Ẹ má fi ìmùlẹ̀ sí ọmọ iléèwé lẹ́nu

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ẹ kú ìjíròrò.

Mo ti ka ìwé tí bàbá wa tó ń kọ̀wé láti Òṣogbo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Fún ẹni tí kò tíì kà á, ohun tí wọ́n sọ rèé: wọ́n ní "ìlérí" tí àwa olùkọ́ ń pe plẹ́jì orílẹ̀-èdè, èyí tí àwọn ọmọ ń kà láràárọ̀ ní iléèwé, ti fúyẹ́ jù. Wọ́n ní ẹni tó ń lérí, ìhàlẹ̀ ló ń hàlẹ̀, pé kí a yí i padà sí "ìmùlẹ̀ orílẹ̀-èdè", kí ọmọ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Wọ́n wá fi àlàyé kan tì í lẹ́yìn, pé "mùlẹ̀" inú rẹ̀ náà ni "múlẹ̀" tó wà nínú "fẹsẹ̀ múlẹ̀", pé ọmọ tó bá ń ka ìmùlẹ̀ láràárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni mẹ́rin ti dáhùn pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan tiẹ̀ ní kó wọ inú ìwé pẹlẹbẹ tí a fẹ́ tẹ̀ fún àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. Inú ń bí mi sí i, n kò sì ní fi pamọ́.

Kí bàbá má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé wọ́n ti kọ́ èdè yìí ní yunifásítì kí n tó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Ṣùgbọ́n ohùn ni ohùn ń jẹ́. Ohùn òkè ló wà lórí "mú", ohùn àárín ló wà lórí "mu". Ti ẹsẹ̀, mú ilẹ̀ ni: ẹsẹ̀ di ilẹ̀ mú, igi ta gbòǹgbò, kò ṣeé fà tu. Ti ìmùlẹ̀, mu ilẹ̀ ni: mu, bí a ṣe ń mu omi. Bí "mu" ṣe wá di "mù" nígbà tó wọ inú ọ̀rọ̀ orúkọ, a ti jà á nínú ẹgbẹ́ yìí lọ́dún tó kọjá, ìjà náà ò sì tíì parí, n kò ní tú u ká lónìí. Èyí tí kò ní ìjà nínú ni pé ẹnu ni a fi ń ṣe ìmùlẹ̀, a kì í fi ẹsẹ̀ ṣe é. Ọ̀rọ̀ orúkọ tó jáde lára "fẹsẹ̀ múlẹ̀" wà nílẹ̀, ìfẹsẹ̀múlẹ̀ ni, àmì òkè ṣì jókòó sórí "mú" rẹ̀ níbẹ̀, kò sọ̀kalẹ̀. A ò lè tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká wá mú àmì ìsàlẹ̀ kúrò níbi tó wà nítorí pé ìtumọ̀ tó wù wá ń bẹ lọ́hùn-ún. Bí a bá gba èyí láyè, lọ́la ẹnìkan á sọ fún wa pé ọmọ ìyá kan náà ni ọkọ́ àti ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ìmùlẹ̀. Bàbá tó bí bàbá mi, ọdẹ ni, ní apá Òkè-Ògùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n mulẹ̀ láyé wọn, pẹ̀lú ọ̀rẹ́ wọn kan, lórí ọ̀rọ̀ tí wọn ò sọ fún wa títí wọ́n fi lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣe é, wọ́n sọ ọ́. Wọ́n gbẹ́ ihò kékeré sílẹ̀, wọ́n bu omi sí i, wọ́n da obì sí omi náà. Ẹni méjèèjì kúnlẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọ́n fi ẹnu mu ún. Wọ́n ní omi náà tutù, ó ní iyẹ̀pẹ̀ nínú, iyẹ̀pẹ̀ náà sì há sí àárín eyín àwọn títí di alẹ́. Wọ́n ti bí ọmọ mẹ́ta nígbà yẹn. Àbúrò wọn kan wà nílé tó ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó ti ń dá oko. Àwọn àgbà ò jẹ́ kó dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní kò tíì mọ ohun tí òun lè dà.

Ẹ gbé gbólóhùn yẹn yẹ̀ wò. Kò tíì mọ ohun tí òun lè dà. Ilẹ̀, Ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, òun ni ẹlẹ́rìí níbẹ̀. Ẹni bá sì dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Gbogbo wa la ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ò fi ṣe ewì. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni. Ṣé òun la fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́fà máa fi ẹnu ara rẹ̀ pè sórí ara rẹ̀ láago mẹ́jọ àárọ̀, kó tó mọ ìṣirò méjì-méjì?

Ìmùlẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan. Alájọmu ló ń jẹ́ alájọmu. Bí ọmọ bá kúnlẹ̀ ní apá kan ihò, ta ló kúnlẹ̀ ní apá kejì? Mo bi bàbá wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí wọ́n dá mi lóhùn. Bí ó bá jẹ́ Nàìjíríà, ẹnu ta ni Nàìjíríà fi mu ún? Kí ló ṣèlérí fún ọmọ náà tí ilẹ̀ lè bi í léèrè? Nínú plẹ́jì, ọmọ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan ń dá sọ, a kò lè pè é ní ìmùlẹ̀ láéláé.

Arákùnrin wa láti Abẹ́òkúta ní kí a fi ìmùlẹ̀ sílẹ̀, ká lo "ẹ̀jẹ́". Ó sàn díẹ̀, torí pé ẹnìkan lè dá ẹ̀jẹ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ ní ẹni tí a ń jẹ́ ẹ fún: òrìṣà ni, tàbí Ọlọ́run, a sì máa ń san án ni. Àpẹẹrẹ ẹ̀jẹ́ tí ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ ń gbọ́ ni ti Mọ́remí ní Ifẹ̀. Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn, ó rí ohun tó fẹ́, odò béèrè Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ìyá ló jẹ́ ẹ̀jẹ́, ọmọ ló san án. Èmi ti sọ ìtàn yìí fún kíláàsì kẹrin lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì mọ bí ojú wọn ṣe máa ń rí nígbà tí a bá dé ibi odò. Ẹ má sọ fún àwọn ọmọ yẹn kan náà pé ẹ̀jẹ́ ni àwọn náà ń jẹ́ láràárọ̀.

Kí n tún fi ti àmì ohùn kún un. Ta ní ń fi àmì sórí pátákó ìkọ̀wé mọ́ ní iléèwé wa? Ní 1974 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò yìí, síbẹ̀ olùkọ́ tó ń fi àmì ohùn kọ ọ̀rọ̀ ní kíláàsì ò pọ̀. Olùkọ́ á kọ "eje orile-ede" sójú pátákó, ọmọ á kà á sí ẹ̀jẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo ló yà wọ́n, ìsàlẹ̀ àti òkè, ìkejì ọ̀rọ̀ náà sì ni. Ọmọ tí a ní kó ka ẹ̀jẹ̀ orílẹ̀-èdè, kí ló máa lálàá rẹ̀?

Ó kan "ìbúra", ibẹ̀ ló ti dùn mí jù, torí èmi fúnra mi ni mo ṣe àṣìṣe rẹ̀.

Ó ti lé ní ogún ọdún. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni. Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ọyẹ́ mú, ètè àwọn ọmọ funfun. Wọ́n ti tò sórí ìlà, ọwọ́ ọ̀tún lórí àyà. Èmi ni olùkọ́ tó ń darí wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká búra fún orílẹ̀-èdè wa." Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà ni mo ṣe sọ ọ́. Gbogbo wọn gbé e. Ọmọbìnrin kan ní ìlà kẹta kò la ẹnu. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó tẹjú mọ́ sálúbàtà rẹ̀; okùn tọ̀tún ti já, wọ́n fi òwú dúdú gán an. Ọ̀gá iléèwé rí i, wọ́n pè é síwájú, wọ́n ní kí n nà án. Mo nà án ní ẹgba méjì lọ́wọ́. Nígbà tí a dé kíláàsì, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ma, ẹ ní ká búra. Bàbá mi ní a kì í búra nílé wa."

Bàbá náà dé lọ́jọ́ kejì. Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni wọ́n. Wọn ò pariwo. Mo ṣàlàyé fún wọn pé orúkọ tó tọ́ ni ìlérí, pé èmi ni mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Wọ́n ní bó tilẹ̀ jẹ́ ìlérí, ọmọ àwọn ò ní kà á, ìgbàgbọ́ àwọn ò gbà á. Ẹ̀tọ́ wọn nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ èyí tí n kò gbàgbé: "Ẹ̀yin lẹ pè é ní ìbúra, Àǹtí. Tó bá wá jẹ́ ìlérí ni, ìlérí wo lẹ ń fi pàṣán gbà lẹ́nu ọmọ?"

Láti ọjọ́ náà, n kò na ọmọ lórí plẹ́jì mọ́, n kò sì pè é ní ìbúra mọ́. Nígbà tí mo wá gbọ́ ohun tí òfin tó wà lórí ẹ̀rí jíjẹ́ ní kóòtù sọ, èyí tí wọ́n ṣe ní 2011, ojú tún tì mí sí i. Òfin yẹn ní ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 14, bó bá wá jẹ́rìí, a kò ní mú un búra; kó kàn sọ òótọ́ tó mọ̀. Adájọ́ ò gbà kí ọmọdé fọwọ́ kan Bíbélì tàbí Kùránì tàbí irin nítorí ẹ̀rí. Àwa la ń mú un búra lórí pápá.

Èyí ló fi jẹ́ pé ìlérí ni mo dì mú, n kò sì ní jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá wa sọ òótọ́ pé "lérí" ní ìhàlẹ̀ nínú. "Ó ń lérí sí mi", "ó ń lérí léka", a ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Lérí sí ènìyàn, ìjà ni. Ṣe ìlérí fún ènìyàn, ọ̀rọ̀ yí padà. "Sí" àti "fún" ló yà wọ́n, bí a ṣe mọ̀ pé sọ̀rọ̀ sí ènìyàn àti sọ̀rọ̀ fún ènìyàn kì í ṣe ọ̀kan náà. Láti ìgbà tí àwọn Crowther ti ṣe Bíbélì tán ní 1884 títí di òní, ta ló gbọ́ "Ilẹ̀ Ìlérí" tó rò pé ilẹ̀ ìhàlẹ̀ ni?

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a ti dárúkọ yìí, ìlérí nìkan ni ọmọdé ti mọ̀ kó tó dé iléèwé. Ẹ bi ẹni tó bá bímọ. "Màmá, ẹ ṣèlérí o!" Bàtà Kérésì ni, tàbí pé a ó mú un lọ sí ilé ìyá àgbà. Ó mọ̀ pé ìlérí ṣeé mú ṣẹ, ó mọ̀ pé ó ṣeé yẹ̀, ó sì mọ bó ṣe ń rí lára nígbà tí àgbà bá yẹ̀ ẹ́. Ohun tí a lè gbé ẹ̀kọ́ lé nìyẹn. Ìmùlẹ̀ kò wà nínú ayé rẹ̀, ìbúra wà níbẹ̀ fún ìgbà tí ẹran inú ọbẹ̀ bá sọnù, ẹ̀jẹ́ wà nínú ìtàn.

Ẹ má gbàgbé ibi tí plẹ́jì yìí ti wá. Ọmọ Ṣakí ló kọ ọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Felicia Adébọ́lá Adédoyin, tó di olóògbé ní 2021. Ní 1976 ló kọ ọ́, lásìkò ìjọba ológun Ọbásanjọ́, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ iléèwé bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. A ti pààrọ̀ orin orílẹ̀-èdè ní 1978, a tún dá ti àtijọ́ padà ní May 2024. Plẹ́jì kò kúrò níbi tó wà. Ọmọ Òkè-Ògùn ni èmi náà, mo sì ń fi ìyá yẹn yangàn. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì náà ni àwọn ọmọ ń kà. Ní 2022 ìjọba ní ká máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní 2025 wọ́n ní ká padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín lílọ àti bíbọ̀ yìí, mo ti gbọ́ ọmọ kíláàsì kejì tó ń pe ibi ìparí rẹ̀ ní "sọ́ẹ́pù mi Gọ́ọ̀dù". Mo bi í ìtumọ̀ rẹ̀, ó ní òpin ni.

Òpin kọ́. Kí Ọlọ́run ràn mí lọ́wọ́ ni. Ẹnìkan kọ̀wé lọ́jọ́ Ajé pé gbólóhùn yẹn ló sọ ọ́ di ìbúra, torí òun náà ló wà níparí ìbúra ààrẹ àti gómìnà nínú ìwé òfin 1999. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú Yorùbá, àdúrà lásán ni: "kí" tó ṣáájú rẹ̀ ni a fi ń tọrọ nǹkan, kí Ọlọ́run ṣọ́ wa, kí ọ̀nà là. Ẹni tó ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ ti gbà pé òun lè kùnà. Inú èdè wa, ìlérí àti àdúrà ti ń gbé pọ̀ láti ìgbà àwọn bàbá wa. "Màá wá, bí Ọlọ́run bá fẹ́."

Ọ̀rọ̀ kan tún kù nínú ìtumọ̀ plẹ́jì sí Yorùbá tí bàbá fi ránṣẹ́, mi ò lè fojú fò ó. Èyí tí ọ̀pọ̀ iléèwé ń kà sọ pé "láti sìn ín pẹ̀lú gbogbo agbára mi". Bàbá yí i padà sí "láti sin Nàìjíríà", wọ́n ní ó ṣe kedere jù. Kò ṣe kedere rárá. Gbogbo ẹ̀yin onígírámà lẹ mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ bá pàdé ọ̀rọ̀ orúkọ, ohùn rẹ̀ á gòkè sí àárín: rà á, ra aṣọ, tà á, ta ẹran. Sìn ín, "Ẹ fi ayọ̀ sin Olúwa", Sáàmù 100. Nígbà tó bá wá di "sin Nàìjíríà", kí ló yà á sí ti "sin òkú"? Etí kò lè yà wọ́n. Ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ nìkan ló ń gbà wá: sìn ín ni ti ẹni tó ń sìnlú, sin ín ni ti ẹni tó gbé ṣọ́bìrì. Ẹni tó kọ́kọ́ fi "sìn ín" síbẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ olùkọ́ abúlé kan tí a ò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ ẹni yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà.

Lórí bóyá ká kọ "olóòótọ́" tàbí "olótìítọ́" nínú ìtumọ̀ náà, èyí tó bá wù yín. Òótọ́ àti òtítọ́, ilé kan náà ni.

Lórí "orílẹ̀-èdè", mo rí i pé àbúrò wa láti Ìlọrin tún ti gbé e dìde, pé báwo ni ibi tí èdè ibẹ̀ lé ní 500 ṣe lè jẹ́ orílẹ̀-èdè kan. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lágbára. Orílẹ̀ tó wà nínú oríkì orílẹ̀, ìran ló ń tọ́ka sí, a sì ti fi ọ̀rọ̀ kan náà bo Ìgbò, Haúsá, Tífì àti àwa. Mo ní èrò tèmi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó ní ìwé tirẹ̀. Bí a bá da á pọ̀ mọ́ èyí, oṣù mẹ́ta la ó fi wà níbẹ̀.

Àbúrò wa tó ń gbé ní Houston béèrè bóyá kí àwọn ọmọ òun máa ka plẹ́jì ti Amẹ́ríkà. Ní Texas níbi tó wà, òfin ní kí ọmọ iléèwé máa kà á lójoojúmọ́, àfi bí òbí bá kọ̀wé pé kí wọ́n yọ tòun sílẹ̀. Ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù ti sọ láti 1943 pé a kò lè fipá mú ọmọ kà á; ọ̀rọ̀ àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà náà ló gbé e débẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, sálúbàtà olówùú dúdú yẹn ni mo rántí. Àbúrò mi, kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ rẹ ní Yorùbá pé kí ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá lè sọ ọ́ fún ọ, kí wọ́n máa kà á. Asíá tí wọ́n dojú kọ níbẹ̀, aṣọ ni. Kí wọ́n mọ ohun tí aṣọ náà dúró fún kí wọ́n tó ṣèlérí fún un.

Ohun tí mo fẹ́ fún àwọn tiwa nílé náà nìyẹn. Kí wọ́n máa kà á, bẹ́ẹ̀ ni. N kò sí lára àwọn tó ní kí a pa á tì. Ọmọ tí kò ṣèlérí kankan fún ìlú rẹ̀ rí, ta ni yóò bi í léèrè tó bá dàgbà? Ṣùgbọ́n kí a fi Yorùbá kà á ní kíláàsì, gbólóhùn kan lọ́sẹ̀ kan, kí olùkọ́ béèrè pé, "Kí lo lè ṣe lónìí tó jọ èyí?" Ọmọ kan dá mi lóhùn nígbà kan pé òun ò ní gé ìlà níbi omi ẹ̀rọ. Mo kọ ọ́ sójú pátákó. Ẹni tí kò bá fẹ́ kà á, kó dúró jẹ́ẹ́, kí pàṣán má dé ibẹ̀.

Ẹ̀dà ìwé pẹlẹbẹ náà wà níwájú mi. Mo ti fa ìlà pa "ìmùlẹ̀" lójú ewé kẹrin, mo kọ "ìlérí" sórí rẹ̀; mo sì ti dá "sìn ín" padà sáyè rẹ̀, pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ lórí rẹ̀ gbàgbàgbà. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì ni òun ń kó o lọ. Bàbá wa láti Òṣogbo, mo ń retí yín: ta ló kúnlẹ̀ ní apá kejì ihò?